Jẹjẹrẹ Tó Ràn Dé Ọpọlọ: Ẹ Má Bèèrè Orúkọ Ẹ̀rọ Nìkan

Ọ̀rọ̀ ìlera tí a gbé wá lóṣù yìí wúwo díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń wọ ilé púpọ̀, kò sì yẹ kí a máa sọ ọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nìkan. Ó jẹ mọ́ jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn nínú ara, tó wá ràn dé ọpọlọ.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń rí nìyí. Wọ́n ti tọ́jú ìyá kan fún jẹjẹrẹ ọmú, ara rẹ̀ sì ti ń yá. Lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ láràárọ̀, ó ń bì, ọwọ́ rẹ̀ kan ń rọ, tàbí kí gìrì gbé e lójijì. Àwọn kan nínú ilé á ní ayé ló ń bá a jà. Nígbà tí wọ́n bá ya àwòrán orí rẹ̀ tán, dókítà á sọ pé jẹjẹrẹ ti dé ọpọlọ. Ọmọ kan tó wà ní Paris á tẹ̀ wọ́n láago pé òun gbọ́ nípa ẹ̀rọ kan tó ń fi ìtànṣán ṣe iṣẹ́ abẹ láìla orí. Èyí tó wà ní Èkó á ní ẹ̀rọ tí òun gbọ́ dára ju ìyẹn lọ. Ẹbí á pín sí méjì, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò ra ilẹ̀ bàbá wọn.

Nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, èwo ló dára jù? Ìdáhùn wa ni pé orúkọ ẹ̀rọ kọ́ ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ bèèrè. Iye kókó tó wà nínú ọpọlọ, bí ìyókù ara ṣe rí, àti bóyá ẹ ó lè máa padà lọ ya àwòrán orí lẹ́yìn ìtọ́jú, ohun mẹ́ta yìí ṣe pàtàkì ju orúkọ ẹ̀rọ lọ. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

BÍ JẸJẸRẸ ṢE Ń DÉ ORÍ

Jẹjẹrẹ kì í jókòó sójú kan. Hóró kéékèèké rẹ̀ lè já kúrò lára kókó àkọ́kọ́, kí ó bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ sì gbé e dé ọpọlọ, níbi tí yóò ti ta gbòǹgbò tuntun. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ti ọmú, ti kíndìnrín, ti ìfun ńlá, àti oríṣi jẹjẹrẹ awọ ara kan tí wọ́n ń pè ní mẹlanómà, wà lára àwọn tó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kókó tó wà nínú ọpọlọ ìyá tó ní jẹjẹrẹ ọmú, jẹjẹrẹ ọmú náà ni síbẹ̀, àrùn tuntun kọ́. Nítorí náà ni dókítà fi gbọ́dọ̀ mọ ìtàn àìsàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ẹ kò sì gbọdọ̀ sọ ìwé ilé ìwòsàn àtijọ́ nù.

Kò sí àyè tó ṣófo nínú agbárí. Bí kókó bá ń dàgbà níbẹ̀, tí ẹran ọpọlọ tó yí i ká sì ń wú, ọpọlọ á há. Èyí ló ń fa orí fífọ́, èébì àti kí ojú máa ṣú. Oògùn tí dókítà sábà máa ń kọ́kọ́ fún aláìsàn ni dexamethasone, tó ń mú kí wíwú náà rọlẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹni tó dùbúlẹ̀ lè dìde jókòó kí ó sì máa jẹun, ẹbí á sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò tíì parí o. Oògùn náà kò pa kókó náà. Àyè díẹ̀ ló fún wa láti wá ìtọ́jú. Ẹ má dá a dúró lójijì láìgba àṣẹ dókítà. Ó tún lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ga, nítorí náà, ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ kí ó tètè sọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí kún un: skánà lásán lè má rí kókó kéékèèké. Ẹ̀rọ IRM ló ń fi wọ́n hàn kedere, pàápàá bí wọ́n bá fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ tó ń mú kí kókó náà yọ lójú àwòrán. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé kókó 1 péré ló wà, kí ẹ bèèrè bóyá IRM ni wọ́n fi wò ó.

ORÍ BÍBẸ́ KỌ́ NI OÒGÙN ORÍ FÍFỌ́

Ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n ń gbà fi ìtànṣán tọ́jú jẹjẹrẹ inú ọpọlọ ni kí wọ́n tan án sí gbogbo orí. Wọ́n sábà máa ń ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá láàárín ọ̀sẹ̀ 2, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 30 Gray. Gray ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìtànṣán, bí a ti ń fi lítà wọn epo. Àǹfààní ọ̀nà yìí ni pé ó kan kókó tí a rí, ó sì kan èyí tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí àwòrán kò tíì lè fi hàn. Àléébù rẹ̀ ni pé ibi tí kò ní àìsàn nínú ọpọlọ gba tirẹ̀ pẹ̀lú. Irun á re, àárẹ̀ á mú aláìsàn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ìrántí sì lè dín kù. Ìyá tó mọ gbèsè gbogbo oníbàárà rẹ̀ lórí láìkọ ọ́ sílẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé ohun tí wọ́n sọ fún un láàárọ̀.

Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí kókó bá jẹ́ 1 tàbí 2, ṣé dandan ni kí gbogbo ọpọlọ jìyà rẹ̀? Ìbéèrè yìí ló mú kí àwọn dókítà máa fi iṣẹ́ abẹ onítànṣán tọ́jú irú àìsàn yìí.

Dókítà iṣẹ́ abẹ ọpọlọ kan ní ìlú Stockholm, ní ilẹ̀ Sweden, Lars Leksell, ló gbé èrò iṣẹ́ abẹ onítànṣán jáde lọ́dún 1951. Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ẹ ronú sí ọjà Ouando wa níhìn-ín ní ọjọ́ ọjà. Àwọn kan ń bọ̀ láti Djègan-Kpèvi, àwọn kan láti Adjarra, àwọn kan láti Avrankou. Bí ẹ bá dúró lójú ọ̀nà kan ṣoṣo, èrò díẹ̀ ni ẹ ó rí tó ń kọjá. Ṣùgbọ́n nínú ọjà gan-an, níbi tí gbogbo ọ̀nà ti pàdé, ẹsẹ̀ kò gbèrò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iṣẹ́ abẹ onítànṣán. Ìtànṣán tín-ín-rín púpọ̀ ń gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wọ inú orí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò lágbára tó láti ba ibi tó ń gbà kọjá jẹ́ púpọ̀. Ibi tí gbogbo wọn ti pàdé, lórí kókó náà, ni agbára wọn ti pọ̀ jọ.

Kì í jó kókó náà bí iná ṣe ń jó igi. Ohun tí hóró jẹjẹrẹ fi ń bí òmíràn ló ń bà jẹ́. Nítorí náà, kókó kì í pòórá lọ́jọ́ kejì. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan kí ó tó súnkì. Ẹ má bínú sí dókítà bí àwòrán àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìtọ́jú bá ṣì ń fi kókó hàn.

Ẹ̀RỌ MẸ́TA

Ẹ̀rọ mẹ́ta ni ẹ ó máa gbọ́ orúkọ wọn jù. Orúkọ méjì nínú wọn ní ọ̀bẹ nínú lédè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀bẹ kankan tó kan orí aláìsàn.

Èkíní ni Gamma Knife. Leksell àti onímọ̀ físíìsì kan tí ń jẹ́ Börje Larsson ni wọ́n ṣe é, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní Stockholm lọ́dún 1968. Ègé kóbáltì tó ń tan ìtànṣán ni wọ́n tò sínú rẹ̀: 179 ló wà nínú ti àkọ́kọ́, 192 ló wà nínú àwọn tuntun, gbogbo wọn sì dojú kọ ojú kan. Orí ni wọ́n dìídì ṣe é fún. Kí orí má baà mì, wọ́n máa ń fi férémù irin kan mú un pẹ̀lú ìdè 4, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ibẹ̀ dùn ún. Irú tuntun kan tó jáde lọ́dún 2015, tí wọ́n ń pè ní Icon, lè lo ìbòjú dípò férémù. Àléébù ẹ̀rọ yìí ni pé agbára kóbáltì ń dín kù: ó ń di ìdajì ní nǹkan bí ọdún 5 àti oṣù 3. Ìtọ́jú tó gba ìṣẹ́jú 30 nígbà tí kóbáltì ṣì jẹ́ tuntun yóò gba wákàtí 1 nígbà náà. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀, èyí tó ń ná wọn lówó gọbọi.

Èkejì ni akselerátọ̀. Òun kò ní kóbáltì nínú. Iná mànàmáná ló fi ń ṣe ìtànṣán, orí rẹ̀ sì ń yí po aláìsàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn dókítà ní Buenos Aires ní ilẹ̀ Ajẹntínà àti ní Vicenza ní ilẹ̀ Ítálì bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú ẹ̀rọ yìí ṣe iṣẹ́ abẹ onítànṣán. Lónìí, ìbòjú tí wọ́n fi omi gbígbóná rọ̀ tí wọ́n sì tẹ̀ mọ́ ojú aláìsàn ni wọ́n sábà fi ń mú orí dúró. Àǹfààní ńlá rẹ̀ fún ilẹ̀ wa ni pé ẹ̀rọ kan náà tó tọ́jú ọpọlọ láàárọ̀ lè tọ́jú jẹjẹrẹ ọmú àti ti ọrùn ilé ọmọ lọ́sàn-án. Ó tún lè kọlu kókó mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ó nílò iná tó dúró ṣinṣin, ẹ̀rọ tó ń mú un tutù, àti àwọn onímọ̀ tí yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́. Ẹ sì kíyè sí i: kì í ṣe gbogbo akselerátọ̀ ló lè ṣe iṣẹ́ abẹ onítànṣán. Ó gbọ́dọ̀ ní irinṣẹ́ tó yẹ àti òṣìṣẹ́ tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni CyberKnife. Dókítà John Adler, ará Amẹ́ríkà tó ti lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ Leksell ní Stockholm, ló ronú rẹ̀, wọ́n sì fi tọ́jú aláìsàn àkọ́kọ́ ní Stanford lọ́dún 1994. Akselerátọ̀ kékeré ni, tí wọ́n gbé sí orí apá róbọ́ọ̀tì tó lè tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ̀rọ náà ń ya àwòrán bí iṣẹ́ ti ń lọ, bí orí bá sì sún díẹ̀, apá róbọ́ọ̀tì á tẹ̀ lé e. Kò nílò férémù, ó sì lè tọ́jú ọ̀pá ẹ̀yìn àti ẹ̀dọ̀fóró pẹ̀lú. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń pẹ́, aláìsàn sì gbọ́dọ̀ lè dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́.

ÈWO LÓ BORÍ?

Bí àwọn tó ń lò wọ́n bá mọṣẹ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè kọlu kókó náà láìyẹ̀ ju nǹkan bíi milimítà 1 lọ. Gamma Knife dára púpọ̀ fún kókó kéékèèké tó wà nítòsí ibi ẹlẹgẹ́, bí iṣan tí a fi ń ríran. Akselerátọ̀ tuntun máa ń yára bí kókó bá pọ̀. CyberKnife rọrùn fún ẹni tí kò lè fara da férémù, tàbí ẹni tí wọ́n fẹ́ pín ìtọ́jú rẹ̀ sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá wo ohun tó kan ẹbí jù lọ, ìyẹn ni bóyá kókó náà kò ní dàgbà mọ́, ìyàtọ̀ wọn kò pọ̀. Pẹ̀lú èyíkéyìí nínú wọn, nǹkan bí 8 sí 9 nínú kókó kéékèèké 10 ni kì í tíì padà dàgbà lẹ́yìn ọdún kan. Bí a gún iyán nínú odó, bí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó.

Bí kókó ṣe tóbi tó ló ń mú ìyàtọ̀ ńlá wá. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ló fi ìlànà lélẹ̀: kókó tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ lè gba 24 Gray lẹ́ẹ̀kan, èyí tó ju 2 lọ títí dé 3 kí ó gba 18, èyí tó ju 3 lọ títí dé 4 kí ó gba 15. Bí kókó ṣe ń tóbi sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìtànṣán tí a lè fún un lẹ́ẹ̀kan ń dín kù, kí ẹran ọpọlọ tó yí i ká má baà kú. Irú kíkú ẹran bẹ́ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn kan lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó sì lè mú orí fífọ́ àti gìrì padà wá. Nítorí náà, bí kókó bá ti ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, dókítà lè pín ìtànṣán náà, tàbí kí ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ la orí kí wọ́n yọ ọ́. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé iṣẹ́ abẹ tòótọ́ ti di ohun àtijọ́. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 1990, lórí aláìsàn 48 tí kókó wọn jẹ́ 1 péré, àwọn tí wọ́n yọ tiwọn kí wọ́n tó tan ìtànṣán sí gbogbo orí wọn lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 40 láyé. Àwọn tó gba ìtànṣán nìkan lo 15.

GBOGBO ORÍ TÀBÍ OJÚ KÓKÓ NÌKAN?

Ìyàn jíjà lórí ẹ̀rọ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbéèrè yìí. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìwádìí fi hàn.

Lọ́dún 2006, àwọn dókítà ní Japan kọ̀wé nípa aláìsàn 132 tí kókó wọn jẹ́ 1 sí 4. Wọ́n fún apá kan ní iṣẹ́ abẹ onítànṣán nìkan. Wọ́n fún apá kejì ní ti gbogbo orí pẹ̀lú rẹ̀. Kò sí èyí tó pẹ́ láyé ju èkejì lọ: nǹkan bí oṣù 8 ni méjèèjì. Lọ́dún 2016, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà fi irú ìtọ́jú méjì yìí wéra láàárín aláìsàn 213 tí kókó wọn jẹ́ 1 sí 3. Lẹ́yìn oṣù 3, làákàyè àti ìrántí ti dín kù lára nǹkan bí 92 nínú 100 àwọn tí wọ́n fi ti gbogbo orí kún tiwọn, ṣùgbọ́n 64 nínú 100 ni nínú àwọn tó gba ti ojú kókó nìkan. Bí ẹ̀mí kò bá gùn sí i, tí ìrántí sì ń lọ, ẹ rí ìdí tí àwọn dókítà fi ń yàn ti ojú kókó nìkan fún ẹni tí kókó rẹ̀ kò pọ̀. Lọ́dún 2014 ẹ̀wẹ̀, ìwádìí mìíràn ní Japan lórí aláìsàn 1194 fi hàn pé àwọn tí kókó wọn jẹ́ 5 sí 10 kò kú ṣáájú àwọn tí tiwọn jẹ́ 2 sí 4, nígbà tí gbogbo wọn gba Gamma Knife nìkan. Nítorí náà, bí wọ́n bá rí kókó 6, ẹ má sọ̀rètí nù.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì ọ̀rọ̀ náà, èyí tí àwọn tó ń polówó ẹ̀rọ kì í sábà sọ. Nínú ìwádìí ọdún 2006 yẹn, láàárín ọdún kan, jẹjẹrẹ tún yọ nínú ọpọlọ nǹkan bí 76 nínú 100 àwọn tó gba ti ojú kókó nìkan. Nínú àwọn tí wọ́n fi ti gbogbo orí kún tiwọn, 47 ni. Kò yani lẹ́nu: ibi tí ìtànṣán kò dé, hóró tó sá pamọ́ síbẹ̀ lè hù. Kí ló dé tí ẹ̀mí wọn kò fi kúrú ju ti àwọn yòókù lọ? Nítorí pé wọ́n ń padà wá ya àwòrán orí lóòrèkóòrè, bí kókó tuntun bá sì yọ, wọ́n ń tètè kọlu òun náà.

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa. Ẹni tó bá yan iṣẹ́ abẹ onítànṣán ti yan IRM ní oṣù 2 sí 3 kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán ní ọdún àkọ́kọ́. Bí ẹbí bá ta ilẹ̀, tí wọ́n kó gbogbo owó rẹ̀ lé ọjọ́ kan ṣoṣo lórí ẹ̀rọ olórúkọ ńlá ní ìlú òkèèrè, tí kò wá ku kọ́bọ̀ fún àwòrán tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti fi ìdajì ìtọ́jú sílẹ̀. Ó sàn kí ẹ lo ẹ̀rọ tó sún mọ́ ilé, kí ẹ sì ní owó ìpadàlọ, ju kí ẹ lọ sí ibi tó jìnnà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ má sì lè padà mọ́.

A kò sọ pé ìtànṣán sí gbogbo orí kò wúlò mọ́. Bí kókó bá pọ̀ jù, bí jẹjẹrẹ bá ti tàn sí awọ tó bo ọpọlọ, tàbí bí ó bá jẹ́ oríṣi jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kan tó máa ń tètè tàn ká, òun ló lè yẹ. Ó sì ti ní àtúnṣe: ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2020, lórí aláìsàn 518, fi hàn pé bí wọ́n bá yẹ apá ibi tí ìrántí ń gbé nínú ọpọlọ sílẹ̀, làákàyè kì í bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà mìíràn sì wà tí ìtànṣán kankan kò fi bẹ́ẹ̀ ṣàǹfààní. Lọ́dún 2016, ìwádìí kan tó wáyé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ọsirélíà, lórí aláìsàn 538 tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró wọn ti dé ọpọlọ, tí wọn kò sì yẹ fún iṣẹ́ abẹ, rí i pé àwọn tó gba ìtànṣán sí gbogbo orí lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 9 láyé, àwọn tó gba oògùn àti ìtọ́jú rere nìkan sì lo 8 àti ààbọ̀. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ó wà nílé láàárín àwọn ọmọ rẹ̀, kí ara má ro ó, kì í ṣe pé ẹ pa á tì. Ìtọ́jú ni.

NÍBO NI A LÈ LỌ?

Láti Àjàṣẹ́, Èkó kò jìnnà bí a bá gba Sẹ̀mẹ̀ àti Àgbádárìgì. Ní oṣù kejì ọdún 2019, wọ́n ṣí ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ní Ìdí-Àràbà, pẹ̀lú akselerátọ̀ 3. Ní ilẹ̀ Gánà, ilé ìwòsàn Korle Bu ní Accra ti ń lo ìtànṣán fún jẹjẹrẹ láti ọdún 1997. Bó bá jẹ́ Gamma Knife gan-an ni dókítà ní kí ẹ wá, ó dé Cairo ní Íjíbítì lọ́dún 2001, ó sì dé Rabat ní Mòrókò lọ́dún 2008, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé bí tiwa. Kí ẹ tó gbéra lọ sí ibikíbi, ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n, kí ẹ bèèrè bóyá wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ onítànṣán ti ọpọlọ báyìí, bóyá ẹ̀rọ wọn ń ṣiṣẹ́, àti iye tí gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀rọ tó dára jù láyé kò wúlò fún ẹni tó dé ibẹ̀ lọ́jọ́ tó bàjẹ́.

Ìmọ̀ràn kékeré kan fún àwọn tó ń lọ sí Èkó: ìwé ilé ìwòsàn yín, èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, ti Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn dókítà ibẹ̀ ń kà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì dáadáa túmọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó lọ. Ẹ gba àwòrán IRM fúnra rẹ̀ sórí disíìkì, kì í ṣe ìwé àlàyé rẹ̀ nìkan. Àwọn ìyá wa tí kò gbọ́ Faransé yóò sì rí i pé Yorùbá tí a ń sọ níhìn-ín yóò ràn wọ́n lọ́wọ́ púpọ̀ ní Ìdí-Àràbà.

ÌBÉÈRÈ MÁRÙN-ÚN

Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ gé apá yìí pamọ́, kí ẹ mú un dání lọ sọ́dọ̀ dókítà.

1. Kókó mélòó ni IRM rí, èyí tó tóbi jù sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mélòó?

2. Báwo ni jẹjẹrẹ ṣe rí ní ìyókù ara, ǹjẹ́ oògùn kan ṣì wà tó lè kápá rẹ̀? Bí ìyókù ara bá ti ń bàjẹ́ kíákíá, títọ́jú orí nìkan kò ní gbé aláìsàn dìde.

3. Ṣé ojú kókó nìkan ni ẹ fẹ́ kọlù, àbí gbogbo orí, kí sì ni ìdí rẹ̀?

4. Ta ni yóò ṣe iṣẹ́ náà, ẹni mélòó ni ó sì ti ṣe é fún? Ọwọ́ tó ti mọ iṣẹ́ náà ṣe pàtàkì ju orúkọ tí wọ́n kọ sí ara ẹ̀rọ lọ.

5. Lẹ́yìn ìtọ́jú, ìgbà wo ni a ó máa padà wá ya àwòrán, èló ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ni a ó sì ṣe bí kókó mìíràn bá yọ?

Ẹ jẹ́ kí aláìsàn fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń bèèrè. Àṣà wa ni pé a máa ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún àgbàlagbà kí ọkàn rẹ̀ má baà dàrú. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ni, ìrántí rẹ̀ ni. Ìyá kan lè sọ pé kí wọ́n ṣe gbogbo ohun tó ṣeé ṣe, kí òun lè rí ìgbéyàwó ọmọ òun. Òmíràn lè sọ pé kí wọ́n má ta ilẹ̀ tí àwọn ọmọ òun ń gbé nítorí oṣù mélòó kan. Èyíkéyìí tí ó bá sọ, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ kí ẹ tó pe ẹni tí yóò ra ilẹ̀.

Ẹni tó bá sì ti gba ìtọ́jú fún jẹjẹrẹ ọmú tàbí ti ẹ̀dọ̀fóró rí, tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ láràárọ̀, tí ó ń bì, tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ, tàbí tí gìrì gbé e, kí ó má ṣe dúró nílé máa mu ewé. Kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Nígbà tí kókó bá ṣì kéré, tí kò sì pọ̀, ni ọ̀nà ìtọ́jú ń pọ̀.

Ó di oṣù tó ń bọ̀. Kí ilé ó tòrò o.